Omi Gbígbóná Ìyàwó Bàbá

Ikú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kò lórúkọ. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kú, ojú ṣókùnkùn tẹ̀lé e, wọ́n sì sin ín láìmọ ohun tó ṣe é. Ọdún kẹfà, ẹsẹ̀ àbúrò wọn tó jẹ́ tíṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ará ilé kò wá àjẹ́ jìnnà.

Ìyàwó bàbá wọn ni. Òun ló ń wẹ ẹni tó kú nígbà tó ń ṣàìsàn, òun náà ló ń wẹ Tíṣà. Ní ìrọ̀lẹ́, á ṣa àgékù pákó ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, àkọ́bí ọkùnrin ilé, á fi dáná omi. Ẹyẹ dúdú kan á sì bà sórí páànù balùwẹ̀. Káfíńtà ń ṣọ́ wọn. Tíṣà á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, gbígbé ni wọn á gbé e jáde, ojú á ti ṣú, ọwọ́ á ti rọ bí aṣọ tútù.

Lọ́jọ́ tí sùúrù Káfíńtà tán, ó da omi náà nù lójú gbogbo ilé.

"Ìyá, ẹ ti jẹ ọ̀kan. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wa."

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà?"

"Ẹni tó pọnni ló mọ bí ẹran ara wa ṣe wúwo tó."

Obìnrin náà ká aṣọ rẹ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ lópin àdúgbò. Ìyàwó Káfíńtà gba iṣẹ́ omi. Tíṣà kò yé ṣubú. Wọ́n ní ọwọ́ àjẹ́ gùn.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ara rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà. Obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀ ń ṣèwádìí. Ó bèèrè ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, kó fi wé ti Tíṣà. Gbogbo ilé sá. Tíṣà ránṣẹ́ sí ìyàwó bàbá rẹ̀, ó wá, ó na apá. Káfíńtà ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, obìnrin tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pe Káfíńtà. "Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ ogun ara. Wọ́n ní èròjà kan tó ń gé nǹkan bí ayùn yín. Ti Ìyá ń gé níwọ̀n. Ti àbúrò yín kọjá ààlà, ó ń bó awọ ara iṣan ọpọlọ rẹ̀, bí ẹni bó rọ́bà ara wáyà iná."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Káfíńtà bèèrè. "Omi gbígbóná ńkọ́?"

"Wáyà tó ti bó kì í fẹ́ ooru. Tí ara bá tutù, agbára á padà. Ta ló ní kí omi gbóná?"

Káfíńtà fúnra rẹ̀ ni. Òun ló ní kó hó dáadáa kí ẹsẹ̀ lè nà. Pákó rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń dáná sí i.

Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń gbé, ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ẹyin lohùn, kò sí ẹni tó lè ṣà á. Obìnrin náà dúró lórí rẹ̀.

"Látìgbà tí mo ti lọ, ta ló ń wẹ̀ ẹ́?"

"Àwa ni, Ìyá."

"Omi wo?"

Iyanrìn wọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Omi gbígbóná."

Obìnrin náà wọlé lọ bu omi tútù sínú korobá rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Káfíńtà kọjá, ó kọrí sílé tí Tíṣà wà. Káfíńtà kò lè gbójú sókè títí tí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ fi parẹ́.