Awárí àti Ẹ̀ṣọ́ Sílíńdà

"Ṣé o ti rí i?"

Ẹ̀gbọ́n tún yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Awárí ṣì ń wá a. Ó ti da gbogbo àpótí irin àtijọ́ inú ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì.

Awárí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Inú ilé ni wọ́n ti fún un, nítorí kò sí ohun tó sọnù tí kì í rí, ì báà ṣe kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ tàbí bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìyá wọn máa ń ṣàwàdà pé bí eyín bá yọ lẹ́nu èèyàn, Awárí á ti bá a rí i kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún náà fẹ́ràn oyè yìí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó ń wá lọ́jọ́ náà kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Òmùwẹ̀ ni bàbá wọn kó tó kú. Ẹ̀gbọ́n ló jogún iṣẹ́ náà, ìyá wọn sì ń tún irinṣẹ́ àwọn òmùwẹ̀ ṣe. Sílíńdà afẹ́fẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń gbé pọ̀n lọ sísàlẹ̀ omi, bàbá wọn ló fi í sílẹ̀. Irin rẹ̀ ṣì le koko, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ bàbà kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣọ́, ìyẹn sì ti gbó. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù nínú sílíńdà, ẹ̀ṣọ́ ni yóò kọ́kọ́ ya, afẹ́fẹ́ á bá ibẹ̀ sá jáde, kí sílíńdà fúnra rẹ̀ má baà bẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ ti kógbá sílé tipẹ́. Láti àárọ̀ ni ìyá wọn ti ń wá a kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ kan ti ní kí Ẹ̀gbọ́n wá tú okùn tó lọ́ mọ́ ìdí ọkọ̀ òun lọ́jọ́ kejì. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ gidi ti bọ́ sọ́wọ́ wọn kẹ́yìn.

Awárí wá a títí, kò rí i. Méjì tó jẹ́ ti sílíńdà kékeré ló rí nínú agolo kan. Fífẹ̀ wọn ṣe déédéé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́lẹ́. Ọ̀kan kò ní lè dúró. Ó sì mọ̀ pé ìyá òun kì í gbà kí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sílíńdà kan sínú òmíràn. Bí òun bá wá to méjèèjì léra ńkọ́? Ó tò wọ́n léra, ó fi sípánà fún ìdérí wọn pa. Lójú tirẹ̀, méjì sàn ju ọ̀kan lọ.

Ọwọ́ òfo ni ìyá bá dé. Awárí sọ fún un pé òun ti rí i, òun sì ti fi sí i.

"Irú ti bàbá yín gan-an?"

"Irú rẹ̀ gan-an ni, Màmá."

Ká ní ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ì bá tú u wò. Ṣùgbọ́n Awárí ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní awárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní bí òun bá ti iṣẹ́ náà dé, òun á ra bàtà fún àbúrò òun. Ìyìn náà korò lẹ́nu Awárí. Ó yíjú, ó ń kó irin tó dà sílẹ̀ padà sínú àpótí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n gbé sílíńdà lọ sétí omi láti fa afẹ́fẹ́ sí i, Awárí sì lọ ṣe ìdánwò ìṣirò. Ìbéèrè wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ló ń rò. Ṣé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni kó dúró gbọin-gbọin? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ya. Bí méjì bá wá kọ̀ tí wọn ò ya, kí ni yóò ya? Bó bá jáde, gbogbo ilé á mọ̀ pé ó purọ́. Bí kò bá jáde, ẹ̀rù ń bà á láti rò ó dópin. Ọ̀rọ̀ di adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìyẹ.

Táyà ọkọ̀ kan bẹ́ lójú títì. Awárí ké, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti dìde. Olùkọ́ kìlọ̀ pé ẹni tó bá jáde kò ní padà wọlé, òdo ni yóò gbà. Ó jáde, ó sì fi eré gé e.

Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ti ń pariwo nígbà tó dé etí omi. Ẹ̀gbọ́n jókòó ti sílíńdà, ó ń jẹ búrẹ́dì. Bàbá tó ni ẹ̀rọ dúró nídìí géèjì tó ń fi hàn bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á," ni Awárí wí, èémí rẹ̀ ń já. "Irọ́ ni mo pa. Mi ò rí ẹ̀ṣọ́ yẹn. Méjì ni mo tò léra."

Ẹ̀gbọ́n dẹ́kun jíjẹ. Bàbá náà pa ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kò tíì kún dé ìdajì. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló fi ìka lu dígí géèjì. Ọwọ́ géèjì, tó ti há láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, gbọ̀n, ó sì fò kọjá ìlà pupa tó ń kìlọ̀ ewu.

Bàbá náà rọra kó àwọn méjèèjì jáde sẹ́yìn ògiri, níbi tí ẹnu tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ wà, ó sì ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ Awárí mú, ó ń fún un débi pé ó ń dùn ún, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ariwo afẹ́fẹ́ fi dákẹ́.

Ọ̀gá ọkọ̀ kò lè dúró dè wọ́n, òmùwẹ̀ mìíràn ló gba iṣẹ́ náà. Òdo ni Awárí gbà nínú ìdánwò. Ẹ̀gbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ìyá tú ẹnu sílíńdà, ó kó bàbà méjèèjì sórí tábìlì. Wọ́n ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, kò sì sí èyí tó ya. Ó ní ojúlówó ẹ̀ṣọ́ ì bá ti ya tipẹ́, ì bá sì ti tú àṣírí géèjì. Awárí bú sẹ́kún, ó ní kí ìyá na òun.

"Mi ò ní nà ọ́," ni ìyá wí. "Èmi tí mo bí ọ, mo wá a, mi ò rí i, mo sì wálé wá sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló wà nínú 'mi ò rí i' tó le ju kí n sin ọmọ mi lọ?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá rán Awárí lọ wá ẹ̀ṣọ́ náà sọ́dọ̀ ontàjà irin kan. Ontàjà náà mú ẹ̀ṣọ́ kan jáde, ó ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni tòun àti èyí tó ń wá, ta ló fẹ́ mọ ìyàtọ̀. Awárí wọ̀n ọ́n, ó nípọn jù. Ó dá a padà. Ojú ń tì í bó ṣe ń bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀ bóyá ó mú nǹkan bọ̀.

"Mi ò rí i," ni Awárí wí.

Ẹ̀gbọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá lè la ẹnu sọ pé òun kò rí, pé òun kò mọ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ la lè fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́.