Ẹsẹ̀ Mọ́wùnmí Nínú Yìnyín

Orí fẹ́rì Woolwich, ọkọ̀ ojú omi kan ní London, ni Jìmí ti rí Mọ́wùnmí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ lásán, lórí irin tútù, lóṣù Kẹta! Ó gbójú sókè, ó rí sùtánà funfun, ó rí fìlà funfun, ó rí ọmọge kan tó ń wo odò bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Woolwich ni wọ́n bí Jìmí sí, bọ́ọ̀sì ló ń wà, Yorùbá rẹ̀ ò sì mọ àlejò yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ó sún mọ́ ọn.

"Sister, ṣé wọ́n jí bàtà ẹ ni?"

Ẹ wo ọkùnrin yìí! Kí ọmọbìnrin náà tó dáhùn, Jìmí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà tirẹ̀ kó lè fún un.

Mọ́wùnmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹnì kankan ò jí i. Ìjọ aláṣọ funfun ni mo wà. A kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ìsọmọlórúkọ ni mò ń lọ lódìkejì odò. Àti pé ẹ ò tíì mọ̀ mí, ẹ ti ń sọ pé 'bàtà ẹ'."

"Báwo ló ṣe yẹ kí n sọ ọ́?"

"'Bàtà yín' ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèyọnu, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn náà dùn létí."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead ni Mọ́wùnmí ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti ṣíwọ́, Jìmí á ti dúró dè é ní Birchmere Park, wọ́n á máa yí adágún odò ibẹ̀ po, wọ́n á máa jẹ puff-puff tó ti tutù. Kò pẹ́ tí Mọ́wùnmí fi jáwọ́ nínú 'ẹ', tó ń pè é ní 'ìwọ'. Jìmí náà sọ ọ́ ní Adùn-ún-bá-rìn mi.

Ìyá Jìmí ni kò gbà. Mummy Jìmí ni olórí àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Powis Street, níbi tí wọ́n ti ń wé gèlè, tí wọ́n ń wọ bàtà gogoro dé iwájú pẹpẹ. "Aláṣọ funfun kẹ̀? Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn ní high street? Kí làwọn èèyàn máa sọ? Mi ò fẹ́ o."

Ǹjẹ́ Jìmí gbèjà olólùfẹ́ rẹ̀? Kò gbèjà ẹnikẹ́ni. Mọ́wùnmí ló lọ bá. "Baby, jọ̀ọ́, tó o bá ń gba Powis Street kọjá, wọ bàtà, kó o ki sùtánà sínú bag. Títí Mummy á fi gbà."

Mọ́wùnmí yíjú sí i. "Ṣé ojú mi ń tì ẹ́ ni?"

"Ojú kẹ̀? Rárá o!"

Ó dun Mọ́wùnmí, ṣùgbọ́n ó ṣe é, torí ó fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, Jìmí ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò kúkúrú sí Tromsø, ìlú kan ní ìpẹ̀kun àríwá Norway. Ó ti pẹ́ tí Mọ́wùnmí ti fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń rìn lójú ọ̀run níbẹ̀. Jìmí fi òrùka sí àpò. Abẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà gan-an ló fẹ́ kúnlẹ̀ sí.

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi rìn já gbogbo ìlú náà. Wọ́n wọ ọkọ̀ tó ń fi okùn gun òkè, wọ́n rí ìlú nísàlẹ̀ tí gbogbo iná rẹ̀ ń tàn lọ́sàn-án gangan, torí oòrùn kì í yọ níbẹ̀ lóṣù Kejìlá. Wọ́n fẹsẹ̀ rin afárá gígùn dé ṣọ́ọ̀ṣì funfun tí òrùlé rẹ̀ ṣóńṣó sókè. Wọ́n fún àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín lóúnjẹ, ọ̀kan sì sín sí Jìmí lára. Níbi ọbẹ̀ ẹja tí kò láta rárá, Mọ́wùnmí yọ ata gígún nínú handbag.

"O gbé ata wá sí Norway?"

"Ṣé kí n wá kú síbí ni?"

Jìmí ń wò ó, ó ń fọwọ́ kan òrùka lápò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á.

Kété lẹ́yìn oúnjẹ, bọ́ọ̀sì gbé àwọn àlejò lọ sẹ́yìn ìlú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú yìnyín, wọ́n ń wòkè. Ìgbà tó yá, ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ni, ó tún pọ́n létí, ó ń rìn, ó ń yí.

"Mímọ́!" Mọ́wùnmí kígbe. "Mímọ́! Mímọ́!"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Níbi tó bá ti ń júbà Ọlọ́run, kì í wọ bàtà, yìnyín ò sì yí ìyẹn padà. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Àwọn èèyàn yí fóònù kúrò lójú ọ̀run, wọ́n kọjú ẹ̀ sí i. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Jìmí rí fóònù wọ̀nyẹn, ó sì rí ojú ìyá rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Obìnrin tó kó wọn wá sáré dé. "Who is she with? Her feet!" Jìmí ló wò, torí òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó kù níbẹ̀.

Jìmí ní, "I don't know her."

Háà! Jìmí!

Obìnrin àjèjì yẹn ló bọ́ kóòtù rẹ̀, tó fi wé ẹsẹ̀ Mọ́wùnmí, tó ń fi ọwọ́ ra á. Mọ́wùnmí gbójú sókè, ó wo Jìmí. Ó gbọ́.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, Jìmí kúnlẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú òrùka. "Mọ́wùnmí, mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Àwọn fóònù yẹn..."

"Ẹ dìde, bọ̀ọ̀dá," Mọ́wùnmí ní. "Ẹ má ṣèyọnu. Ẹ ò ṣáà mọ̀ mí."

'Ẹ'! 'Ẹ' yẹn dun Jìmí ju ìgbátí lọ. Títí wọ́n fi padà dé London, 'ẹ' náà ló ń pè é, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Mummy Jìmí ń dín dòdò. "Jìmí, wá wo fídíò yìí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń share ẹ. Wo bọ́mọ yìí ṣe ń sin Ọlọ́run nínú yìnyín! Orí mi wú."

Jìmí dúró gbagidi. Mọ́wùnmí ni. Ohùn kan sì jáde látẹ̀yìn: I don't know her.

Mummy tún un gbọ́. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ohùn ta nìyí?"

Jìmí wolẹ̀.

"Ṣé aláṣọ funfun tí mo ní mi ò fẹ́ nìyí?"

"Òun ni, Mummy."

Mummy pa gáàsì, ó jókòó. "Mo ní mi ò fẹ́ ẹ. Mi ò ní kó o sẹ́ ẹ nínú òtútù. Àbí èmi náà ni mo kọ́ ẹ?" Ó fi ọwọ́ bojú. "Ojú tì mí, Jìmí. Lọ bẹ̀ ẹ́. Tó bá gbà, èmi náà á wá bẹ̀ ẹ́." Kò sẹ́ni tó jẹ dòdò náà.

Ní Saturday, Jìmí bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀. Ó gba Powis Street kọjá láàárín èrò, bàtà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lásán. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń pín ìwé ìléwọ́ ké pè é: "Jìmí, kí ló dé?"

"Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni mò ń lọ bẹ̀," ó ní, kò sì dúró.

Ó bá Mọ́wùnmí lẹ́nu ọ̀nà fẹ́rì létí odò nínú sùtánà rẹ̀, àdúrà ló ń lọ gbà lódìkejì, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Saturday. Kò lè sún mọ́ ọn. Ó kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ fẹ́rì tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò rò pé orí rẹ̀ ti dà rú, ó na ọwọ́ dí i lọ́nà, ó sì yíjú sí Mọ́wùnmí.

"You know this man?"

Mọ́wùnmí yíjú padà. Ó wo bàtà lọ́wọ́ Jìmí, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán nílẹ̀. Jìmí gbà pé 'rárá' ló tọ́ sí òun.

"Yes," Mọ́wùnmí ní. "I know him."

Ìtìjú bo Jìmí ju ti ọjọ́ yìnyín lọ. Ó sorí kọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí irin tútù, kò mọ ibi tó máa wò. Ó gbọ́ ìró sùtánà nítòsí rẹ̀.

"Brother," Mọ́wùnmí ní, "ṣé wọ́n jí bàtà ẹ ni?"