Àmì Kìíní Lórí Pátákó Èbúté

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti bá Ọ̀gá Àgbà, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀wù tí í mú èèyàn léfòó lórí omi sí. Ó dojú bolẹ̀ láàárín ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn bí ogójì. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Sípánà ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Aago kan ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago kan gééré ló yẹ kí ọkọ̀ gbéra. Àwọn èrò ti tò sí èbúté tẹrùtẹrù, wọ́n ń kùn, nítorí kò sẹ́ni tó tíì sọ fún wọn.

Obìnrin ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ó wo òkú náà, ojú rẹ̀ kò yí padà. Oṣù méjì sẹ́yìn ló sin àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, láti ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ ti kú tipiri. Ó ń jẹun, kò mọ adùn. Wọ́n ń pa á lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, iṣẹ́ yìí kò sì béèrè ju ojú lọ.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Èmi ni, mà." Mẹkáníìkì ọkọ̀ ló dáhùn, ọkùnrin gíga kan tí epo ti gbà léèékánná. "Mo fẹ́ ka ẹ̀wù kí èrò tó wọlé. Òfin wa ni."

"Ta ló ni sípánà?"

"Tèmi ni."

Ságẹ́ǹtì tó bá obìnrin náà wá ti fa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yọ. Obìnrin náà ní kó dá a padà sápò.

"Kó fi irinṣẹ́ ara ẹ̀ pa ọ̀gá ẹ̀, kó tún wá figbe ta pé ẹ wá wò ó? Àfi tó bá jẹ́ òmùgọ̀ pátápátá. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òmùgọ̀ ni."

Ogójì ọdún ni ilé-iṣẹ́ náà yóò pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Àgbà fi bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Ó ti di ọkọ̀ mẹ́ta báyìí, wọ́n ń gbé èrò láti èbúté dé èbúté létí òkun. Èyí àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé ń pè ní Arúgbó. Inú Arúgbó náà ni ẹni tó ni í kú sí.

Lẹ́nu ọ̀nà èbúté, pátákó gbọọrọ kan wà lára ògiri, ọgọ́ta ìṣó sì wà lára pátákó náà. Páànù róbótó kan tó ní nọ́ńbà àti okùn ló ń gbé orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Àmì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, ìbáà ṣe èrò, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́, á mú àmì kan kọ́rùn. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, á dá a padà. Tí pátákó kò bá tíì kún, wọn kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ lọ síbi ìdákọ̀ró, nítorí ìṣó tó ṣófo ń sọ pé èèyàn ṣì wà nínú ọkọ̀. Àmì kìíní, ti Ọ̀gá Àgbà ni. Èkejì, ti ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ máníjà.

Pátákó kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àmì kìíní wà lórí ìṣó rẹ̀, tónítóní.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fọwọ́ kàn án. Ìka rẹ̀ mú epo bọ̀. Ó fọwọ́ kan èkejì. Ìyẹn gbẹ, iyọ̀ òkun sì ta sí i lára. Ó fi ìka ra ìka, ó gun òkè lọ sí ọ́fíìsì olóògbé.

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ wọlé.

"Wọ́n ní ìwọ àti Ọ̀gá Àgbà jà lánàá."

"Ahọ́n àti eyín ń jà, mà. Mo ní ká pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì Arúgbó. Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ayẹyẹ. Ni mo bá ní ọkọ̀ yìí máa pa yín o." Ó fọwọ́ bojú. "Ẹnu mi yìí!"

"Ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn?"

"Aago mẹ́wàá àbọ̀. Èmi ń jáde lọ ra epo ẹ́ńjìnnì, àwọn ń wọnú ọkọ̀. Àmì wọn wà lọ́rùn wọn. Òógùn ti mu ẹ̀wù wọn dé ìgbáròkó. Aago méjìlá kọjá kí n tó padà. Ẹni tó ta epo fún mi ló gbé mi dé ẹnu géètì."

Ságẹ́ǹtì lọ pe olùtajà náà lórí fóònù. Ó padà wá, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ibo lo fi sípánà sí?"

"Orí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ń gbé. Gbogbo wa la máa ń bú u, gbogbo wa la sì máa ń dá a kọjá."

"Àmì tìẹ, ṣé o máa ń fi epo pa á?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. "Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń ṣe yẹn. Lóòótọ́ ni iyọ̀ ń jẹ páànù, àmọ́ màmá yẹn ti sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Àkísà elépo wà nínú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n ń tì í pa bí ẹni ti góòlù. Àwa tó kù, a kàn ń kọ́ tiwa síbẹ̀ ni."

Máníjà ló tẹ̀lé e. Ẹ̀wù rẹ̀ gún régé, ojú rẹ̀ sì ti wú. Kò fi pamọ́ pé òun fẹ́ ta Arúgbó, pé bàbá òun kọ̀ jálẹ̀. Ó ní aago mọ́kànlá lòun wọ ọkọ̀ kejì lọ wo àga tuntun, òun kọ́ àmì òun padà ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn káfíńtà méjì sì wà lọ́dọ̀ òun ní gbogbo àsìkò yẹn.

Lórí tábìlì, ìwé kan wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà ni, èyí tí Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ sọ, tí wọ́n fẹ́ kà níbi ayẹyẹ ogójì ọdún. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ṣí i. Ojú ìwé kẹrìndínlógún parí sórí ọdún tí ìjì ńlá jà. Kejìdínlógún ló tẹ̀lé e.

"Kẹtàdínlógún dà?"

Máníjà wo ilẹ̀. "Mo ní kí bàbá mi yọ ọ́. Wọ́n gbà lálẹ́ àná."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́, mà. Obìnrin kan sùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọn ò mọ̀. Pátákó kún, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ síbi ìdákọ̀ró, ìjì sì dojú ẹ̀ dé. Obìnrin náà kú. Ẹni tó ń ṣọ́ pátákó ni wọ́n lé. Ọgbọ̀n ọdún rèé, Agbàgbé ni gbogbo èbúté ṣì ń pè é."

"Agbàgbé yẹn, ìbátan ta ni?"

"Ọkọ Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì ni."

"Ta ló tẹ ìwé yìí?"

"Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì náà ni."

Obìnrin kékeré kan ni Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì, ó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Kò sunkún, kò ṣe bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mọ irú ojú bẹ́ẹ̀, nítorí òun náà ń rí i nínú dígí láràárọ̀.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà."

"Ẹ ṣeun."

"Níbo lẹ wà láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá?"

"Ilé ìwòsàn. Wọ́n fẹ́ wo ojú mi. Ariwo ni mo padà bá."

"Yàrá tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ta lẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún?"

Ọwọ́ ìyá náà lọ sí ọrùn. "Kì í kúrò níbí. Ẹyọ kan péré ló wà."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ na ìka rẹ̀ síwájú. Epo náà ṣì ń dán lára rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ wo ìka yìí. Ní aago mẹ́wàá àbọ̀, àmì kìíní wà lọ́rùn ẹni tó ń làágùn. Ní aago kan, ó wà lórí ìṣó, wọ́n ti nù ún mọ́, wọ́n ti fi epo pa á. Ti máníjà gbẹ, torí ẹ̀yin ò sí níbẹ̀ nígbà tó kọ́ ọ. Ká ní àlejò ló pa bàbá yẹn, á fi àmì sílẹ̀ lọ́rùn wọn. Ká ní mẹkáníìkì ni, á kàn kọ́ ọ lásán. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní èbúté yìí tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè kọ́ àmì láì kọ́kọ́ nù ún. Àkísà yẹn wà nínú yàrá tẹ́ ẹ tì pa."

Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe é," ló sọ. "Mo rí ìṣó tó ṣófo. Èmi ò lè rí ìṣó tó ṣófo kí n kọjá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní ọkọ mi gbàgbé, mo ti ní àmì kankan ò ní tọwọ́ mi ṣìnà. Mo yọ ọ́ lọ́rùn wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa wá wọn. Èyí tó kù, ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ohùn kan náà ló fi sọ ọ́, kò gòkè, kò sọ̀.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo tẹ ojú ìwé yẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo fẹ́ mú un wá síbi ayẹyẹ, kó jókòó, kó fetí ara ẹ̀ gbọ́ níṣojú gbogbo wọn. Mo ti lọ aṣọ ẹ̀. Láàárọ̀ yìí, Ọ̀gá Àgbà ní kí n tún ìwé tẹ̀, kí n yọ kẹtàdínlógún. Mo dé ilé ìwòsàn, mi ò lè jókòó. Mo gba géètì ẹ̀yìn padà. Mo bá wọn nísàlẹ̀ ọkọ̀, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, 'Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ó ti mọ́ ọkọ ẹ lára.' Wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń ka ẹ̀wù. Mo padà sórí àtẹ̀gùn. Sípánà wà níbẹ̀."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kà á sókè:

"Èmi ni mo kọ́ àmì kẹtàlélógún lọ́jọ́ náà. Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti rí i. Ìjì ń bọ̀, mo fẹ́ kí ọkọ̀ tètè kúrò ní èbúté, n kò sì wá ẹni tó ni í. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní olùṣọ́ pátákó ló gbàgbé."

Máníjà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ ti rí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wá. Ojú ìwé yẹn ò pọn dandan mọ́. Orúkọ bàbá mi..."

"Ó ti wọ fáìlì, sà. Wọ́n máa kà á ní kóòtù."

Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì fún ságẹ́ǹtì. Ó ní ohun kan péré lòun fẹ́.

"Ẹ lọ kà á fún ọkọ mi, màdáámú. Kó gbọ́ ìyẹn kó tó gbọ́ tèmi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ṣe é."

Ilé náà kò jìnnà. Yàrá méjì, ilẹ̀ gbígbá mọ́, fèrèsé tó kọ ẹ̀yìn sí òkun. Bàbá àgbà kan jókòó sórí ibùsùn, ó ń ká aṣọ tó sá. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kí i, ó sọ ẹni tóun jẹ́, ó ka ojú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bàbá náà ká ẹ̀wù kan parí kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Mo rí i nígbà tó ń kọ́ ọ. Òun ló wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ọmọ méjì wà nílẹ̀. Ó ní tí mo bá gbà pé èmi ni, òun á fún ìyàwó mi níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa yọ ọ́ níbẹ̀ títí tó máa fi fẹ̀yìn tì. Kò yẹ àdéhùn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko."

"Ìyàwó yín ò mọ̀ rárá?"

"Tó bá mọ̀, ṣé ó máa gbà á? Ẹ ò mọ obìnrin yẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa aṣọ mìíràn. "Níbo ló wà? Ó yẹ kó ti kúrò nílé ìwòsàn."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sọ fún un. Kò sí bó ṣe lè fi dídùn sí i. Bàbá náà ká aṣọ náà, ó tú u, ó tún un ká. Ìgbà tó yá ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, kò gbin, kò nù ún. Ó dun ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ó dùn ún débi pé ó ní láti di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ má sọ fún un pé mo mọ̀," ni bàbá náà wí. "Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti gbé oúnjẹ síwájú Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì, kò fọwọ́ kàn án. Bó ṣe rí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló gbé ojú sókè.

"Ẹ kà á fún un?"

"Mo kà á, mà. Gbogbo ẹ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó sunkún."

"Ẹkún ayọ̀ ni?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kì í parọ́ fún ẹni tó bá wà ní àhámọ́. Ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Ẹkún ayọ̀ ni, ìyá mi."

Ìyá náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó fa àwo sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì jẹ oúnjẹ náà tán.