Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ìbínú ló gbé e wọ ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń lọ gba èsì níbẹ̀ fún ilé ìwòsàn wa.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń béèrè èsì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀rọ mi lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Kó lè yá ni."

"Ó yá lóòótọ́. Ó ti dákú."

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, a jọ tún ètò náà kọ: mẹ́wàá péré ni kó máa béèrè lẹ́ẹ̀kan, tí ọ̀kan bá ti gba èsì dé ni òmíràn yóò tó gbéra. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ mí ní Oníkánjú. Kí ọdún tó yí po, ìyá rẹ̀ ti ń pè mí ní ìyàwó mi.

Nígbà tó yá, ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé èsì ń pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo yọ ààlà mẹ́wàá yẹn kúrò, mo ní kí gbogbo rẹ̀ máa lọ pọ̀. Mi ò sọ fún olólùfẹ́ mi. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú, àwọn aláìsàn kún gbọ̀ngàn, dókítà ò rí èsì kankan wò. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ jókòó sílé, pé àìbìkítà rẹ̀ ni.

Ẹ̀rù bà mí. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń lọ bá a kẹ́dùn, tí mò ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí mò ń sọ pé, "Ìfẹ́ mi, á dára." Ìyá rẹ̀ á ní orí ló fi mí ta ọmọ òun lọ́rẹ.

Lọ́jọ́ kẹrin, ara mi ò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì.

"Èmi ni mo yọ ààlà yẹn."

"Mo mọ̀," ó ní. "Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Gbogbo ẹni tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ọ̀gá rẹ?"

"Mo fẹ́ kó ti ẹnu rẹ wá. Àṣìṣe yẹn ò dùn mí, kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Bí o ṣe ń di ọwọ́ mi mú yẹn ló dùn mí."

Mo yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Màá bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Wọn ò pè mí ní ìyàwó.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá tèmi àti tirẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo buwọ́ lù ú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n pè é padà sẹ́nu iṣẹ́.

Oṣù méje rèé. Òun ò tíì pe èmi.