Ìka Tó Pọ́n Rúsúrúsú

Èébú ni aránṣọ fi pàdé oníbàtà. Ọkùnrin oníbàtà náà gbé ṣòkòtò wá síbi iṣẹ́ obìnrin náà, ló bá fi ìka tó kún fún pólíìṣì dúdú kan aṣọ ìyàwó funfun tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì.

"Yéè! Ṣé ọwọ́ rèé àbí ìdí ìkòkò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi fúnra mi á fọ̀ ọ́."

Ó fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. Kó tó parí, ẹni tó ń bú u ti ń bá a rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Ọwọ́-Dúdú lobìnrin náà ń pè é. Òun náà ń pè é ní Abẹ́rẹ́ Mi.

Ìfẹ́ wọn ń dùn bọ̀ ni Ọwọ́-Dúdú bá ṣàkíyèsí pé ìka olólùfẹ́ òun pọ́n rúsúrúsú. Ta ni kò mọ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ládùúgbò? Ọmọkùnrin arẹwà tó ń lọ àtalẹ̀ pupa ní ìkángun òpópónà ni! Bó bá sì fẹ́ di obìnrin náà lọ́wọ́ mú báyìí, ṣe ló ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Owú gùn ún. Ó kan gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún mọ́ tòsì. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tirẹ̀ ti di májèlé.

"Ta ló ń dì ọ́ lọ́wọ́ mú?" ló bi í.

Aránṣọ ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. "Má yọ mí lẹ́nu, jàre."

Ọwọ́-Dúdú gbéra. Ó di ọ̀dọ̀ alátalẹ̀. "Arákùnrin, fi ìyàwó mi sílẹ̀ o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Oríkèé ìka wọn ló ń wú, ó ń ro wọ́n débi pé wọn ò lè di àlùmọ́gàjí mú dáadáa. Àtalẹ̀ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń mu ún, wọ́n sì ń fi pa ìka. Ó lè bá wọn dín wíwú náà kù díẹ̀díẹ̀, àmọ́ mo ní kí wọ́n má pa oògùn dókítà tì. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Wọ́n ní ta ló máa fẹ́ aránṣọ tí ò lè ránṣọ?"

Ojú ti Ọwọ́-Dúdú débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ là kó wọlé. Ó tọrọ àforíjì, ó ra àtalẹ̀, ó sì forí lé ọ̀dọ̀ obìnrin náà.

"Abẹ́rẹ́ Mi, mú ọwọ́ wá. Mo ti gbọ́. Mo jowú, mo sì fura sí ọ lásán."

Aránṣọ bú sẹ́kún. "Bí kò bá wá jinná ńkọ́?"

"Èmi á máa gé aṣọ, ìwọ á máa bú mi níbi tí mo bá ti gé e wọ́. Jẹ́ ká fẹ́ra wa."

Ó po àtalẹ̀ mọ́ òróró, ó rọra fi ń pa á níka títí ọwọ́ tirẹ̀ náà fi pọ́n. Ó dùn ún o, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà kò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Lọ ra aṣọ funfun wá," ló wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni màá rán aṣọ ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n, Ọwọ́-Dúdú, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o!"