Bàbá Kì Í Bá Ìbínú Sùn

Ọjọ́ tí Araba kọ́kọ́ rí Fiifi Ansa ni inú ti bí i sí i. Ọmọkùnrin náà dúró lórí àga ìwàásù ìjọ etíkun Anomabo nílẹ̀ Fante, aṣọ funfun báláú lọ́rùn, ó ń fi Ọlọ́run dẹ́rù ba àwọn ìyá tí wọ́n ti ń yan ẹja kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀.

"Iná ni Ọlọ́run. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, Ọlọ́run kò ní í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láéláé."

Araba, tó ń dá orin fún àwọn ìyá olórin, rí i pé ẹni yìí ń ba Bàbá òun tó wà lókè lórúkọ jẹ́. Ó dìde, ó gbé orin:

"Inú a máa bí Bàbá o, Bàbá kì í bá ìbínú sùn."

Gbogbo ilé gbè é. Àṣà àwọn Fante sì ni: bí orin bá dìde nínú ìwàásù, oníwàásù a pa ẹnu mọ́ títí yóò fi tán. Fiifi yanu sílẹ̀ bí ẹja orí iyanrìn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Araba tún gbé e.

Lẹ́yìn ìsìn, Fiifi dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ lo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi?"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu Ọlọ́run."

"Màá fi ẹjọ́ rẹ sun ìyá rẹ."

"Ilé aláwọ̀ búlúù létí òkun ni. Tètè wá, kí ọ̀rọ̀ má baà tutù lẹ́nu rẹ."

Ó wá lóòótọ́. Maame Esaaba, ìyá Araba, gbé dókúnnù, ẹ̀kọ àgbàdo kíkan, àti ẹja díndín fún un, Fiifi sì fi ẹnu tó kún rojọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá fi kún ẹjọ́. Ẹjọ́ ò tán, ẹja ò tán, ojú ìjà náà ni ìfẹ́ gbà wọlé. "Oníjà mi àtàtà," ni Fiifi wá ń pè é.

Àfi ìrọ̀lẹ́ kan tó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Bàbá mi ti gbà pé kí n fẹ́ ọ. Ohun kékeré kan ló kù: o ò ní í dá orin mọ́."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní kò sí wàhálà."

Araba rọra gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. "O fi ohùn mi san owó orí mi. Dìde."

"Ọkàn mi, bàbá mi ni—"

"Dìde, kí n tó da omi ẹja lé ọ lórí."

Ó kù díẹ̀ kó jáde ló yíjú padà. "Orin tí o fi pa mí lẹ́nu mọ́ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà gbà á gbọ́?"

Araba ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú gbàgà. Ó bá ìbínú sùn lọ́jọ́ náà, ó bá a sùn lọ́jọ́ kejì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìbínú ti gba gbogbo ẹní mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Egya Ansa, bàbá Fiifi tó jẹ́ olórí ìjọ, ló gun àga ìwàásù fúnra rẹ̀.

"Obìnrin tó bá ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọkùnrin, Ọlọ́run ti kọ̀yìn sí i. Kò sí ìdáríjì fún un."

Gbogbo ojú yí sí Araba. Ìyá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Araba di eyín. Kí Fiifi, tó tà á, lọ dá bàbá rẹ̀ lóhùn.

Ni ohùn kan bá dìde lẹ́yìn Egya Ansa. Ohùn náà burú. Ó dún bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há lẹ́sẹ̀. Fiifi ni, òógùn bò ó: "Inú a máa bí Bàbá o..."

Kò sẹ́ni tó lè gbè é, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí orin náà ń lọ.

"Jókòó," ni bàbá rẹ̀ wí.

Fiifi ò jókòó. Ó ń wọ́ orin náà nílẹ̀ lọ.

Ìbínú Araba wá di mẹ́ta: sí bàbá, sí ọmọ, sí ohun tí ọmọ ń fi orin òun ṣe. Ó fò dìde, ó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ ọ́ dé ìdajì kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu òun fúnra òun ń wí, ó sì yíjú sí Fiifi. Àwọn ìyá gbè é, wọn ò jẹ́ kó tán, títí ẹsẹ̀ fi ro Egya Ansa, tó sì lọ jókòó.

Egya Ansa dá Araba dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Inú ń bí mi sí ọ."

"Inú ń bí èmi náà sí yín, Egya."

Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. "Bí eléyìí bá tún dá orin, ìjọ á tú. Máa dá tìrẹ lọ. Kí ó fẹ́ ọ."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Fiifi sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ṣì ń bínú."

"Títí dìgbà wo?"

"Kí ilẹ̀ tó ṣú," ni Araba wí. "Ẹní wa ò lè gba ẹni mẹ́ta."