Ojú Sàlísù Onígìtá

Gìtá kò tíì dún tí Wòsílátù, tí a jọ ń ta obì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì Iléyá ni, lọ́dún 1953, lẹ́yìn ilé rélùwéè Ifọ̀. Èrò pọ̀, eruku ń sọ, òórùn ẹran sísun gba gbogbo ibẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Kò wò mí. Ọkùnrin tó jókòó lórí pákó, tó ń fa okùn gìtá rẹ̀ le, ló tẹjú mọ́.

Ó ní, "Màmá mi," jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ jí.

Èmi ni mo bá wọn wẹ òkú ìyá Wòsílátù. Mo na ọrùn, mo wò. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni mo rí.

Mo ní, "Níbo?"

Ó ní, "Ìyá Elóbì, ṣé ẹ ò lójú ni?"

Inú ti ń bí mi láti ìgbà yẹn.

Obì ni mo ń tà. Gbogbo ọjà Ifọ̀ ló mọ̀ pé èmi kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wo onílù. Ṣùgbọ́n ti Sàlísù Onígìtá yàtọ̀. Gbogbo àwo tó ṣe ni mo ní. Mo lo giramafóònù mi títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi ń họ bí eku inú àpò. Bó ṣe máa ń fi àtàǹpàkò ta okùn ìsàlẹ̀, tí á dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mí, kó tó tún ta á, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bùrẹ́ímọ̀, ọkọ mi, ṣe máa ń ta tirẹ̀ lójúde wa nírọ̀lẹ́.

Bùrẹ́ímọ̀ bá wọn lọ sógun Bọ́mà. Àwọn tí wọ́n jọ lọ dé, òun ò dé. Wọ́n ní odò ló gbé e. Mi ò rí òkú, mi ò rí sàréè. Wọ́n ní kí n ṣe opó, mo ṣe é. Lẹ́yìn náà mo gbé apẹ̀rẹ̀ obì, torí pé ẹkún kì í sanwó ilé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Mùsáfírù, tó ń kó obì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya, ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Èèyàn dáadáa ni, kì í pariwo, kì í yọ́ obì tí kòkòrò ti jẹ sáàrin èyí tó dáa. Mo gbà fún un. A fi yìgì sí Jímọ̀ tó tẹ̀lé Iléyá.

Ibi tí a ti ń bó obì ni Wòsílátù ti sọ fún mi pé ẹni tó bá lọ wo Sàlísù níṣojú, òkú rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ bá ń pè ló máa rí lójú ọkùnrin náà. Mo ní ẹmu ló ń pa àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun mi ò dá mọ́. Mo fẹ́ rí Bùrẹ́ímọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n sọ fún un pé mò ń lọ sílé ọkọ, kó má bínú. Ohun tí mo bá wá síbẹ̀ nìyẹn.

Sàlísù ta gìtá. Ẹnikẹ́ni ò jó. Irú eré wo nìyẹn? Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku fún ọkùnrin tó tó bí lọ́mọ. Obìnrin kan na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ jòjòló. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, oníkálùkù pẹ̀lú tirẹ̀.

Èmi nu ojú mi, mo nu ún títí. Mo bọ́ sápá ọ̀tún, mo bọ́ sápá òsì. Rùngbọ̀n náà ni. Àpá ṣàǹpọ̀nná lẹ́rẹ̀kẹ́, etí òsì tó ya. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà dé iwájú.

Ọkùnrin kan fà mí láṣọ. "Ìyá Elóbì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn! Ẹ ti dí bàbá mi mọ́ mi lójú!"

Mo ní, "Bàbá ẹ ti gbọ́. Jẹ́ kí èmi náà rí tèmi."

Mo lẹ kọ́bọ̀ mọ́ Sàlísù níwájú orí bí wọ́n ṣe ń ṣe fún olórin. Oòrùn ń pa gbogbo wa, àmọ́ iwájú orí rẹ̀ tutù bí obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé. Mo fẹnu sí i létí, mo ní, "Bùrẹ́ímọ̀." Ojú rẹ̀ ò yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yẹ̀ lórí okùn.

Nígbà tí eré parí, mo lọ bá a lẹ́yìn pákó. Ó ń fi aṣọ wé gìtá rẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o rẹ́ mi jẹ."

"Ẹ má bínú, ìyá. Ta ni ẹ rí?"

"Ta ni mo bá rí? Ìwọ! Ìwọ àti etí ẹ tó ya!"

Ó gbé gìtá sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan etí náà, ó sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Rùngbọ̀n mi ńkọ́? Ṣé ó ti ń funfun?"

"Díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, ojú ìyá náà lòun ń bá nínú dígí. Gbogbo ibi tí òun ti ṣeré, kò sẹ́ni tó rí òun rí.

Mo ní, "Èwo ló kàn mí níbẹ̀? Ọkọ mi ni mo wá wò."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Ìyá, àwọn òkú ló ń yá ojú mi lò. Ẹni tí kò bá sí lọ́dọ̀ wọn ò lè yá a."

Mo bi í pé níbo ni Bùrẹ́ímọ̀ wà nígbà náà.

"Mi ò mọ̀. Gìtá ni mò ń ta, ìyá. Mi ò mọ ilé ẹnikẹ́ni."

Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí tó dáa.

Jímọ̀ dé. Àlùfáà jókòó, ẹlẹ́rìí pé. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń bi gbogbo opó: "Sùwéébátù, ṣé kò sí okùn ọkọ kankan lọ́rùn rẹ?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Mùsáfírù ní, "Ọkùnrin tí odò gbé lọ?"

"Odò kọ́ ló gbé e."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Onígìtá."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mùsáfírù ò rẹ́rìn-ín. Ó mú fìlà rẹ̀, ó ní, "Ká ní o ò fẹ́ mi, ṣé o ò lè sọ ọ́ ni?" Ọwọ́ Wòsílátù ló ti ń ra obì báyìí.

Láti ìgbà náà, Iléyá kan ò kọjá kí n má lọ wo Sàlísù. Èmi ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń wá láàrin èrò. Mo máa ń mi orí fún un pé òun ni mo rí, inú rẹ̀ á dùn, tèmi á bàjẹ́. Bùrẹ́ímọ̀ wà láyé, kò sì wá.

Iléyá tó kọjá yìí, Sàlísù kọjú sí mi, ó gbé ìpéǹpéjú sókè láti bi mí. Mi ò lè mi orí. Bùrẹ́ímọ̀ ló ń wò mí. Kì í ṣe ọ̀dọ́kùnrin tó wọ ọkọ̀ ogun. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó sì sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ọrùn rẹ̀ ká méjì. Ẹnì kan ti ń bọ́ ọ dáadáa fún ọdún gbọọrọ.

Mo wò ó títí gìtá fi dákẹ́. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ó ti kú wàyí. Wọ́n gbọn orí. Àgbà kan láàrin wọn ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n tún ṣe opó.

Mo ní rárá o. Ẹni tó ń bọ́ ọ ni kó ṣe é.